Ìgbéyàwó Oṣù Ọyẹ́ ní Òkìtìpupa: Ta Ló Ni Ọ̀nà Ilé?

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kìíní, nígbà tí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ ń fẹ́ ètè gbẹ, agbára káká ni òpin ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá láìsí ìlù ìgbéyàwó ní Òkìtìpupa. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ti ń wọlé láti Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá. Wọn a yà kúrò lójú títì márosẹ̀ ní Orẹ̀, wọn a kọrí sí gúúsù. Àwọn kan a dúró sí Òkìtìpupa gan-an, àwọn mìíràn a kọjá sí Ìkọ̀yà, Igbótako, Ìlútitun, Erínjẹ tàbí Òde-Ìrèlè. Ọjọ́ Ẹtì, ìdáná. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì àti àríyá. Ọjọ́ Àìkú, ìdúpẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò sí iṣẹ́ kan tí kò ní ẹni tó ni ín. Alága ìdúró ló ń gbẹnu sọ fún ẹbí ọkọ, alága ìjókòó ló ń dá a lóhùn láti ọ̀dọ̀ ẹbí ìyàwó, ìyá alásè ló mọ iye ìkòkò tí yóò gun iná, olórí ẹgbẹ́ olórin ló mọ ìgbà tí orin yóò yí padà, ẹnì kan sì tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pín omi fún àwọn àgbà. Ohun kan péré ni kò ní alámòójútó: ọ̀nà tí àlejò yóò gbà padà sílé. Bí orin bá ti dákẹ́, ẹbí a gbàdúrà pé kí oníkálukú délé láyọ̀, iṣẹ́ wọn a sì parí síbẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kó parí síbẹ̀. Ọ̀nà ilé jẹ́ ara ìnáwó, ẹni tó pe àlejò ló sì ni ín, nítorí òun ló ní oúnjẹ tí àlejò jẹ, òun ló ní orin tí àlejò jó, òun ló sì yan ọjọ́ àti wákàtí tí gbogbo rẹ̀ wáyé.

Kí á tó dé orí ọ̀nà, ó yẹ kí á mọ bí gbogbo nǹkan ṣe di ti ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbéyàwó ilẹ̀ wa kì í ṣe iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nígbà kan rí. Alárenà a kọ́kọ́ rìn, a wádìí bí ìdílé kejì ṣe rí, bóyá àrùn kan wà níbẹ̀, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ọmọ náà ní ìwà. Ìtọrọ a tẹ̀ lé e ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìdáná a tún dá dúró, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, kí á tó wá mú ọjọ́ tí a óò sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ẹni tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn kò sì lè padà lọ́jọ́ kan náà, torí ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Òkìtìpupa àti àwọn ibùdó etí odò Olúwà bí Àgbábú ti ń bá Èkó ṣòwò lórí omi kí títì ọlọ́dà tó gbòde, àlejò tó bá sì gba orí ọ̀sà wá kì í ṣe ìrìn-àjò ọ̀hún ní àlọ àti àbọ̀ láàárín òru kan. A sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja, a jókòó ti àwọn àgbà títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kó tó dágbére. Ẹní tí yóò sùn lé wà nínú ìṣirò olówó ìnáwó, àwo ọbẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ oṣù, ilé ìwé àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò lè wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìtọrọ, ìdáná àti ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ìkójọpọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu, kò sì sí ẹni tó ní kí á tú u ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń dì í, ohun kan yọ bọ́ nínú ẹrù tí ojú ẹnikẹ́ni kò sì tó o: oorun àlejò. Kò sí ìpàdé ẹbí kan tó jókòó tó sọ pé kí á má pèsè ibùsùn mọ́. Ọkọ̀ ló mú kó dà bíi pé gbogbo èèyàn lè padà lọ́jọ́ tí wọ́n dé, olówó ìnáwó sì yọ ẹní kúrò nínú ìṣirò rẹ̀.

Orin ló wá fa òru gùn. Àwọn Ìkálẹ̀, ìyẹn àwọn ará Òkìtìpupa àti agbègbè rẹ̀, ní orin tiwọn kí jùjú àti fújì tó wọlé tọ̀ wọ́n: bírípo tí àwọn àti àwọn ará Ìlàjẹ jọ ń jó, àti àṣíkò, èyí tí Comfort Ọmọge gbé dé orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù pẹ̀lú ẹgbẹ́ Àṣíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀. Lóde òní, ẹbí tó rọ́wọ́ mú a pe ẹgbẹ́ jùjú, àwọn mìíràn a pe olórin ìyìn tàbí onífújì, DJ a sì dí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù. Bí ẹgbẹ́ olórin ṣe ń rówó ló yẹ kí á fiyè sí, torí níbẹ̀ ni gbòǹgbò òru wà. Owó àdéhùn tí a san kí wọ́n tó kó ìlù dé sábà máa ń tán lórí ọkọ̀ tó gbé wọn wá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọwọ́ àwọn onílù. Èrè gan-an wà lójú agbo. Olórin a dárúkọ èèyàn, a dárúkọ bàbá rẹ̀, a dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, gángan a gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni ọ̀hún a dìde nílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì tẹ̀ lé e. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n owó náírà lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, ní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ sì rán èèyàn lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Nítorí náà àwọn mìíràn ti ń fi owó sínú àpòòwé tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ọ̀nà tí owó ń gbà rìn lè yí padà, àkókò rẹ̀ kò yí. Iṣẹ́ yìí kì í yá lọ́sàn-án. Oòrùn mú, àwọn àgbà ń jẹun lọ́wọ́, àwọn kan kò tíì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹni tó sì fẹ́ ná owó ń fẹ́ kí ojú pọ̀ tí yóò rí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ọyẹ́ tu ara, tí ìjókòó kún, olórin tó mọṣẹ́ a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú orin tó ti ń fi pamọ́ láti ọ̀sán. Ìdí nìyí tí aago mẹ́wàá sí aago méjì òru fi jẹ́ ọjà ńlá fún un. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àdéhùn tí àwa tí a pè é bá a ṣe ló tì í sínú òru.

Ìfẹ́ náà ní ipa tirẹ̀ tó ń kó, mi ò sì fẹ́ fojú kékeré wò ó, nítorí ó wà lára ìdí tí òpin ọ̀sẹ̀ yìí fi níyì tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kì àti èyí tó ń kọ́ni ní Àkúrẹ́ kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè pàdé lójú ẹbí tọ̀tún tòsì. Aṣọ ẹbí ti sọ ìhà tí olúkúlùkù ti wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ìyá kan a fi ojú ṣe àpèjúwe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìyá kejì, ọ̀rẹ́ ìyàwó a gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ọkọ, a óò sì pàdé àwọn méjèèjì níwájú alága ìjókòó kí ọdún méjì tó yí po. Iṣẹ́ tí alárenà ń fi oṣù mẹ́fà ṣe láyé àtijọ́ ti wá di ti agbo àríyá. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni ó máa ń gbẹ̀yìn nínú agbo, àwọn náà ni ó sì sábà máa ń wa ọkọ̀ padà sí Èkó. Wọn kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì, inú wọn ń dùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wà ní ìjókòó iwájú, kò sì sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ẹni tuntun rí òun bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Àwọn tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí lòdì sí ìfẹ́ kò gbọ́ mi yé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìdúpẹ́, nígbà tí ariwo ẹ̀rọ ti lọ tí èèyàn lè gbọ́ ohùn ara wọn, ni ìbánisọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ti lè wáyé, tí àbúrò bàbá yóò sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀hún lójú mọ́mọ́ kó tó di ẹni tí wọ́n ń wádìí rẹ̀ láti orí fóònù.

Ó wá ku ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tó jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀ ní aago kan òru ọjọ́ Àìkú. Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló jí, torí òun ló gbé àwọn ìyá lọ síbi ìṣaralóge, òun ló tún gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti pé wákàtí 17 tí ojú rẹ̀ ti là. Ní ọdún 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid tẹ èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Wọ́n dán àwọn èèyàn wò nígbà tí wọ́n mu ọtí, wọ́n sì tún dán wọn wò nígbà tí wọn kò sùn. Lẹ́yìn wákàtí 17 láìsùn, ọwọ́ àti ojú àwọn èèyàn náà lọ́ra bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì ni ibi tí òfin ìrìnnà Nàìjíríà ti ń ka awakọ̀ sí ẹni tó mutí ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá di wákàtí 24, ó ń sún mọ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé awakọ̀ tí kò fẹnu kan ògógóró rárá, tó mu omi àti Fáńtà nìkan láti àárọ̀, ti di ọ̀mùtí lójú ìṣirò ara nígbà tó fi máa ṣíná ọkọ̀ ní aago kan òru, nítorí ó ti tó wákàtí 20. Ìrìn-àjò láti Òkìtìpupa sí Èkó tó bíi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, púpọ̀ nínú wákàtí wọ̀nyí sì bọ́ sáàárín aago méjì sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, ìgbà tí ara ọmọ èèyàn ń béèrè oorun jù lọ, yálà ó ti sùn díẹ̀ tàbí kò sùn. Oorun àárẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn. Ojú a là sílẹ̀, ọpọlọ a ti sùn lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Ọkọ̀ tó ń sá ní 90 kìlómítà ní wákàtí kan, tó jẹ́ ìwọ̀n tí òfin gbà fún bọ́ọ̀sì lójú títì márosẹ̀, a ti rin 100 mítà nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Kọfí, kóólà, ṣíṣí fèrèsé sílẹ̀ àti orin líle nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ a máa dá ojú padà fún ìgbà díẹ̀, kò sí èyí tó lè san gbèsè oorun.

Ọyẹ́ wá fi tirẹ̀ kún un, ibí yìí sì ni àṣìlóye pọ̀ sí. Àwọn ará ìlú wa a máa sọ pé ọyẹ́ kì í mú ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bíi ti Òkè Ọya, òótọ́ sì ni. Ìjì tó ń gbé erùpẹ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ òkun sì ń tì í padà. Ṣùgbọ́n sísúnmọ́ òkun yìí gan-an ló ń bí ewu tí Kánò kò mọ̀. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ igbó àti odò. Omi kò wọ́n nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òfuurufú máa ń mọ́ lálẹ́, ooru ilẹ̀ a sá lọ sókè, òtútù a bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ a wá dì mọ́ eruku kéékèèké tí ọyẹ́ gbé wá, kùrukùru a sì sọ̀ kalẹ̀, ní pàtàkì níbi tí ọ̀nà bá ti ré kọjá odò tàbí bọ́ sínú kòtò. Ẹni tó ń bọ̀ lórí òkè lè máa rí ọ̀nà kedere, kó tó pa ojú dé kó là á, ó ti wọ inú funfun. Bí ojú bá ríran dé 60 mítà nínú kùrukùru, ọkọ̀ tó ń sá ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìwọ̀n tí òfin gbà fún ọkọ̀ àdáni, ń jẹ nǹkan bí 28 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ó kù fún un láti rí nǹkan, láti mọ ohun tó jẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì. Ohun tó sì máa ń wà lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní ni tírélà tó bàjẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn, tí wọ́n fi ewé igbó ṣe àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a tan iná gíga nínú kùrukùru, láìmọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ń kọ lu omi, ó sì ń padà wá sójú wọn. Iná ìsàlẹ̀ ló yẹ, kí ọkọ̀ sì rọra.

Òkùnkùn àyíká náà wà ńbẹ̀. Ẹkùn gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà. Ìjọba Rótìmí Akérédolú, gómìnà ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ rí, kọ́ afárá gíga sí Orẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa má bàa máa pàdé tírélà tó ń sáré bọ̀ láti Èkó tàbí Bìní ní oríta, ó sì gba ẹ̀mí là. Afárá kò lè jí awakọ̀ tó ti sùn. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín igbó Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní aago mẹ́ta òru, ta ni yóò kọ́kọ́ rí i? Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ní nọ́ńbà 122 tí èèyàn lè pè láìsanwó, ilé ìwòsàn àwọn tó fara pa sì wà ní ìlú Oǹdó. Síbẹ̀ ọ̀nà jìn láàárín ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà àti ibi tí wọn yóò ti dí i, àwọn tí ìbá sì ran èèyàn lọ́wọ́ lọ́sàn-án ti ti ilẹ̀kùn wọn pa. Ẹ̀rù ajínigbé tún mú kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ má fẹ́ dúró fún ẹnikẹ́ni lóru.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Èyí tó lágbára jù ni pé òru ló yá láti wọ Èkó. Ẹni tó bá kúrò ní Òkìtìpupa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó lè bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé láti Ṣàgámù títí dé Bẹ́ẹ́gà, ó sì lè fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣòfò níbẹ̀. Mi ò ní jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ohun méjèèjì sórí òṣùwọ̀n: wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ jẹ́ ìyà, ọkọ̀ tó ń rìn ní ìgbín-ìgbín kì í sábà pa èèyàn. Ọ̀nà àbáyọ sì wà láàárín. Kùrukùru sábà máa ń ká nígbà tí oòrùn bá ti gun òkè díẹ̀. Ẹni tó sùn láti aago mọ́kànlá alẹ́, tó jí ní aago mẹ́fà, tó sì gbéra ní aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, yóò ti wọ Èkó kí èrò ìrọ̀lẹ́ tó kún ojú ọ̀nà. Yóò pàdánù ìdúpẹ́, ó sì yẹ kí ẹbí dárí jì í. Èsì kejì ni ti ìgbàgbọ́: Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni, ẹni tí yóò kú kò ní ṣàìkú sórí ibùsùn. Onígbàgbọ́ tó ń sọ èyí kì í fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ láìdé e kí Ọlọ́run lè lé eṣinṣin, kì í sì í fi ẹrù ìdáná sílẹ̀ ní gbangba lóru. Àdúrà ìdágbére dára, àwọn tó ń gbà á náà ló sì ní agbára láti sọ fún olórin pé ó tó.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àgbàlagbà ni àwọn àlejò, pé olówó ìnáwó kì í ṣe alágbàtọ́ wọn. Bí àlejò bá jẹ májèlé nínú oúnjẹ ìnáwó, ẹbí kò ní sọ pé àgbàlagbà ni, pé ó yẹ kó yẹ ẹran wò kó tó jẹ ẹ́. Ìtìjú yóò mú wọn, wọn yóò sì lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí fi hàn pé a ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a fi lélẹ̀ fún àlejò wà lọ́rùn wa. Ààlà tí a fà sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá ni kò ní ìdí. Àlejò tó ń bẹ lágbo di òru kò dúró fún ara rẹ̀ nìkan. Ó dúró nítorí pé bí ó bá dìde ní aago méje, wọ́n á ní kò fẹ́ràn ìyàwó, wọ́n á ní ó ń sá fún owó níná. Ìwà ọmọlúàbí ló dè é mọ́ àga, àwa tí a dè é ló yẹ kó tú u.

Ti ibùsùn le ju ìyókù lọ, mi ò sì ní dà á nù. Òtẹ́ẹ̀lì Òkìtìpupa kò pọ̀ tó èrò oṣù Kejìlá, iye owó yàrá a sì máa gun òkè lásìkò yìí. Kò sí ẹbí tó lè wá ibùsùn fún gbogbo ẹni tó bá jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àlejò jẹ́ ará àdúgbò tàbí ará àwọn ìlú ìtòsí bí Igbótako àti Ìkọ̀yà, tí wọn kò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti délé. Awakọ̀ tí yóò gba títì márosẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Síẹ́nà tó kó èèyàn méje wá, awakọ̀ kan ló ní. Bọ́ọ̀sì tó kó méjìdínlógún, awakọ̀ kan náà ni. Bí ẹbí bá rí yàrá mẹ́wàá péré, kí wọ́n má fi í fún àwọn tó lówó jù tàbí àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Kí wọ́n fi í fún àwọn tó di ìdarí ọkọ̀ mú, kí àwọn ìyókù sì sùn lórí ẹní, lórí àga, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí ìsinmi ti sọ di òfo, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wọn ti ṣe. Ní ti olórin, àdéhùn ni yóò yanjú tirẹ̀. Bí ẹbí bá ti mọ̀ pé lójú agbo ni èrè rẹ̀ wà, kí wọ́n gbé agbo náà sí aago mẹ́rin ọ̀sán sí mẹ́sàn-án alẹ́, kí oúnjẹ sì ti kúrò nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ojú tó fẹ́ kó máa wò ó lè pọ̀. Kí wọ́n fi nǹkan lé owó àdéhùn rẹ̀ nítorí wákàtí òru tó pàdánù. Ẹgbẹ́ olórin náà ń rìn lọ́nà yìí kan náà lóru, pẹ̀lú ẹ̀rọ wíwúwo nínú ọkọ̀ àti onílù tó ti fi apá ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán.

Ohun tó mú mi gbà pé èyí ṣeé ṣe ni pé ìwé tí iṣẹ́ náà nílò ti wà lọ́wọ́ gbogbo ẹbí kí ìgbéyàwó tó dé. Ẹni tó ń ta aṣọ ẹbí ní orúkọ gbogbo ẹni tó rà á, ó ní nọ́ńbà fóònù wọn, ó mọ ìlú tí ó fi aṣọ ránṣẹ́ sí, oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ló sì ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí owó. Kò sí àjọ ìjọba kan tó ní àkọsílẹ̀ èrò tó péye tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá ń fi aṣọ ránṣẹ́, kí ó béèrè ọkọ̀ tí olúwarẹ̀ yóò bá wá àti orúkọ ẹni tí yóò wà á. Kí ó fi iye díẹ̀ lé owó aṣọ, kí ó sì sọ pé owó ibùsùn awakọ̀ ni. Àwọn tó ń san owó gèlè láìjanpata kò ní bá a jà. Kí káàdì ìpè tó ń kọ aago tí ètò yóò bẹ̀rẹ̀ kọ aago tí orin yóò dákẹ́ pẹ̀lú, kí alága ìjókòó, tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìdáná. Kí ẹnì kan nínú ẹbí, àbúrò ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó, mú ìwé aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó máa fi orúkọ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan wé yàrá tó wọ̀, kó yẹ táyà ọkọ̀ wọn wò nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kó sì máa pè wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti délé. Ẹni tó bá ní dandan ni kí òun padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí a má bá a jà, kí a má sì fi olórin dè é. Kí ìyá alásè bu oúnjẹ tirẹ̀ ṣáájú ti gbogbo ènìyàn ní aago kan ọ̀sán, kí ó kí ìyàwó, kí ó gba ìwọ̀n ẹ̀bùn tirẹ̀, kí ó sì ti ré Orẹ̀ kọjá ní aago mẹ́ta, kó lè wọ Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.